Ẹni Tó Fẹ́ Fẹsẹ̀ La Ìbàdàn Já

Láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ní Mọ́níyà, títí dé ọjà Bodè nísàlẹ̀ Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, ó tó kìlómítà 20. Bí ọ̀nà bá dá, takisí Micra á gbé èèyàn débẹ̀ kí oorun tó kùn ún tán. Bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ bá dì mọ́ Ọjọ́ọ̀ tàbí Sáńgò, á di ohun tí èèyàn ń fọwọ́ lẹ́rán wò. Ṣùgbọ́n kí ẹnì kan dìde kó ní òun fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara òun rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í nílé ni pé: "Ṣé owó ọkọ̀ ni kò sí lọ́wọ́ ẹ ni?"

Wọn kò fi bú u. Ó ti mọ́ ará Ìbàdàn lára láti ka ìrìn ẹsẹ̀ sí ìyà. Ọmọléèwé tí kò rówó wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ń rìn, òṣìṣẹ́ tí owó oṣù rẹ̀ ti tán kí oṣù tó parí ló ń rìn. Láti ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, tí wọ́n ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, àwọn tó ń rìn nítorí owó ọkọ̀ tún pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìgbáradì fún ìrìn gígùn láàárín ìlú kò fi yẹ kó dúró sórí eré ìdárayá nìkan. Ẹni tó ń rìn nítorí pé ó wù ú àti ẹni tí àìní ń lé rìn, ẹ̀bá gọ́tà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rí, ó yẹ kó fẹnu sọ ọ́ jáde nítorí ẹnì kejì.

Ẹlẹ́sẹ̀ ló ni ìlú yìí látilẹ̀. Nígbà tí Balógun Ìbíkúnlé mọ odi yí Ìbàdàn ká ní nǹkan bí ọdún 1858, ibodè ńlá mẹ́rin ló wà lára odi náà, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Abẹ́òkúta, Ìjẹ̀bú, Ọ̀yọ́ àti Ìwó. Níbodè ni wọ́n ti ń gbowó lọ́wọ́ àwọn tó ń ru ẹrù wọlé. Kí ọkọ̀ ojú irin tó ti Èkó dé ní 1901, orí alààárù ni ẹrù Ìbàdàn ń gbà kúrò nílùú. Àgbẹ̀ ní ilé nígboro, ó ní abà lóko. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ, ẹsẹ̀ náà ló fi ń bọ̀ nígbà tí ọdún tàbí òkú bá pè é wálé. Ìyàwó rẹ̀ á ru iṣu, ọmọ rẹ̀ á ru igi ìdáná. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní ìgbáradì. Títí dòní, bí èèyàn bá wọ àárín agboolé ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjẹ́, á rí ojú ọ̀nà tí èèyàn méjì kò lè pàdé níbẹ̀ kí ọ̀kan má fẹ̀gbẹ́ tilẹ̀. Àwọn tó là á kò ro ti mọ́tò mọ́ ọn.

Ẹsẹ̀ tó ti jókòó sínú mọ́tò fún ogún ọdún kò lè ṣàdédé rìn kìlómítà 20 lọ́jọ́ kan kó má dá olówó ẹ̀ dúró lọ́nà. Ọ̀sẹ̀ 12 ló dára fún ìgbáradì. Bí kò bá ṣeé ṣe, kó má dín ní 10. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti tó, kó máa rìn débi tí mímí rẹ̀ á yára díẹ̀ ṣùgbọ́n tó ṣì lè bá ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, kó ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ fún ìrìn tó gùn jù lọ, Sátidé ló rọ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn: kìlómítà 5, ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e 7, lẹ́yìn ìyẹn 9. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá ti pé, kó dín in kù lọ́sẹ̀ kẹrin kí iṣan lè sinmi, kó tó tún máa fi kún un. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kìlómítà 15 kò ní jẹ́ nǹkan bàbàrà mọ́. Kò sí ìdí láti rìn 20 pé ṣáájú ọjọ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà tàbí àìsàn ọkàn, ọ̀dọ̀ dókítà ni kó kọ́kọ́ rìn dé.

Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, nítorí pé igi pọ̀ níbẹ̀, mọ́tò kì í sì í sáré jù. Ibẹ̀ dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Àmọ́ ẹni tó bá ṣe gbogbo ìgbáradì rẹ̀ lábẹ́ igi ọgbà, ojú á tì í nígbà tó bá délẹ̀ òkè Mápó. Ìlú olókè ni Ìbàdàn, òkè gígùn sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀: ó ń gba èémí, sísọ̀kalẹ̀ rẹ̀ ló sì ń gba orúnkún. Láàárọ̀ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí arìnnà wá òkè kan tó súnmọ́ ilé rẹ̀, kó gùn ún lẹ́ẹ̀mẹrin, kó sì máa fi ìṣísẹ̀ kéékèèké sọ̀kalẹ̀, kó tẹ orúnkún díẹ̀, kó má jẹ́ kí ẹsẹ̀ máa já lulẹ̀ gbì.

Ọ̀rọ̀ bàtà ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìṣe. Kì í ṣe dandan kó jẹ́ tuntun. Kánfáàsì tòkunbọ̀ tó ṣì dúró dáadáa sàn ju tuntun tó le gbagidi lọ. Ìrọ̀lẹ́ ni kí èèyàn lọ rà á, nígbà tí ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nítorí oòrùn àti ìnàró. Kó fi ìbọ̀sẹ̀ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ ìrìn sẹ́sẹ̀ kó tó wọ bàtà náà wò, kó so okùn rẹ̀, kó dìde dúró, kó ní kí ẹlòmíì bá òun fi àtàńpàkò tẹ iwájú rẹ̀. Ó yẹ kí àyè tó fẹ̀ tó àtàńpàkò wà láàárín orí ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti imú bàtà. Bí àyè yẹn kò bá sí, ìgbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ láti Mápó ni èékánná á máa gbá imú bàtà, á sì dúdú kí ọ̀la tó mọ́. Kó tẹ ẹ̀yìn bàtà níbi tí gìgísẹ̀ ń dúró. Bó bá wọnú bí àkàrà gbígbóná, kó dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Kó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kó fi ìka wá ibi tí okùn ìránṣọ ti ta sókè, nítorí ohun tí ojú kò rí nínú bàtà, kìlómítà 8 kò ní í pé tó fi máa di ìléròrò. Òrí díẹ̀ láàárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ àti láàárín itan, kó fi pa á láàárọ̀ kó tó jáde. Bí ìléròrò bá sì yọ, kó má tú u. Kó nu ibẹ̀, kó lẹ nǹkan mọ́ ọn, kó fi ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ti oúnjẹ kò le. Omi inú ọ̀rá kan, ó kéré tán, fún wákàtí kọ̀ọ̀kan, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ẹ̀pà oníyọ̀ lápò. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni kó ti wà lójú ọ̀nà.

Lára àwọn tó ń rìn báyìí, ọ̀pọ̀ ló ní ohun tó ń ka ìṣísẹ̀ nínú fóònù wọn, 10,000 ni wọ́n sì máa ń lé. Kò yẹ kí nọ́ńbà yẹn dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, nítorí kì í ṣe dókítà ló kọ́kọ́ pa á láṣẹ. Ní Japan ni, ní 1965, tí ilé-iṣẹ́ kan gbé ẹ̀rọ ìkaṣísẹ̀ jáde, tí orúkọ rẹ̀ sì túmọ̀ sí ẹ̀rọ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ìṣísẹ̀. Bí nọ́ńbà náà ṣe bá ayé lọ nìyẹn. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ní 2020 rọrùn láti rántí: kí àgbàlagbà lo ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ nídìí ohun tó ń mú ara ṣiṣẹ́ níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ìrìn kíákíá sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀rí tó yẹ kó wọ ará Ìbàdàn létí jù ni ti Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1953, Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ elérò alájà méjì ìlú náà. Dẹ́rẹ́bà jókòó sídìí ọkọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ndọ́ ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó ń gbowó. Ilé-iṣẹ́ kan náà, ọkọ̀ kan náà, síbẹ̀ àìsàn ọkàn kò mú àwọn kọ̀ndọ́ tó àwọn dẹ́rẹ́bà. Kí ẹni tó ń wa Micra láti Ìwó Road sí Dùgbẹ̀ lójoojúmọ́ ro ìyẹn wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí ọkàn àti iṣan nìkan ni ìrìn yìí fi dára. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí kò bá rìn jìnnà kò lè rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Láti Mọ́níyà, arìnnà á gba ẹ̀gbẹ́ ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1967, á kọjá Ọjọ́ọ̀, á kọjá Agbówó níwájú Yunifásítì, á sọ̀ sí Sáńgò, á dé Mọ́kọ́lá. Láti ibẹ̀ lọ, Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ló máa ń yọ sí i láàárín òrùlé. Mítà 105 ló ga, 1965 ni wọ́n parí rẹ̀, owó kòkó àwọn àgbẹ̀ tó ń fẹsẹ̀ lọ sábà ló sì gbé e dúró. Lẹ́yìn Dùgbẹ̀ ni Ògùnpa, lẹ́yìn Ògùnpa ni Agbeni, níbi tí àwọn tó ń já ẹrù kì í ti í sinmi. Lẹ́yìn náà ni òkè á bẹ̀rẹ̀. Gbọ̀ngàn Mápó wà lórí rẹ̀ láti 1929, òpó funfun rẹ̀ kọjú sí àwọn páànù tó ti dípẹtà. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ṣì kù lè yà sí Òkè-Ààrẹ lọ wo Láyípo, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Bower, Òyìnbó tó kọ́kọ́ jẹ́ aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Ìbàdàn. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po bí ìkarahun ìgbín, ìyẹn ni ará ìlú ṣe sọ ọ́ ní Láyípo. Láti òkè rẹ̀, ọ̀nà tí arìnnà ti gbà wá láti àárọ̀ á tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú rẹ̀.

Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ yìí ni ìkíni ti ń yí padà. Ní Agbówó, ẹni tó bá ń rìn á gbọ́ "Ó ku ẹnì kan! Wọlé!" lẹ́nu awakọ̀. Bó bá dé Ìdí-Arẹ̀rẹ̀, ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà á kí i pé, "Ẹ kú ìrìn o," bó bá sì dúró béèrè ọ̀nà, kò ní sọ fún un tán kó tó bi í léèrè ilé tí wọ́n bí i sí. Èdè tó ní ìkíni fún ẹni tó ń rìn kò ka ìrìn sí ìtìjú rí.

Ibi tó dùn ún gbọ́ nìyẹn. Èyí tó ń dunni ni ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà.

Láti ọjọ́ 2, oṣù kẹrin, ọdún 1972, ọwọ́ ọ̀tún ni mọ́tò ń gbà ní Nàìjíríà. Nítorí náà, ọwọ́ òsì ló yẹ kí ẹlẹ́sẹ̀ gbà, kó lè máa kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi lójú ọ̀nà yìí, kò sí ohun tó ń jẹ́ ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ rárá. Ohun tó wà ni ìdérí gọ́tà. Èèyàn á rìn lórí ìdérí mẹ́ta, ìkẹrin á ti ya sínú gọ́tà, irin inú rẹ̀ á sì yọ ṣóńṣó síta. Ìkarùn-ún, àtẹ tòmátì wà lórí rẹ̀. Ìkẹfà, ẹnì kan ti páàkì ọkọ̀ sórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹlẹ́sẹ̀ á ti sọ̀kalẹ̀ sójú títì gangan, á wẹ̀yìn, á wo iwájú, á sáré kọjá níwájú Micra tí kò fẹ́ẹ́ dúró. Ẹni tó ń fi ìfẹ́ inú rìn lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìyá tó gbé igbá ẹ̀kọ rù, tó pọn ọmọ, ojoojúmọ́ ló ń ṣe é, kò sì lè tẹ orí wolẹ̀ wo ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ̀. Kìlómítà tí obìnrin yẹn ń rìn lọ́sẹ̀ kan lè ju ti gbogbo ẹni tó ń gbára dì lọ. Òun ló yẹ kí wọ́n tún ọ̀nà ṣe fún ṣáájú ẹnikẹ́ni.

Gọ́tà yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ nìkan. Lójú ẹni tó wà nínú mọ́tò, afárá ni Ògùnpa, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ó ti kọjá. Ẹlẹ́sẹ̀ á fọwọ́ lé irin rẹ̀, á wo ìsàlẹ̀, á rí ọ̀rá omi, ike, àti ilẹ̀ tí wọ́n kó sọ́nù lóru. Lọ́jọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980, odò yìí kún, ó wọ́ ilé, ọkọ̀ àti ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ. Ará Ìbàdàn pè é ní Omíyalé. Lọ́jọ́ 26, oṣù kẹjọ, ọdún 2011, omi tún yalé, ẹ̀mí sì tún lọ. Ìdọ̀tí inú gọ́tà àti ilé tí wọ́n kọ́ sójú omi wà lára ohun tó fà á. Ìlú tí àwọn aláṣẹ rẹ̀ bá ń fẹsẹ̀ rìn nínú rẹ̀ kò ní í dúró de ọjọ́ òjò kó tó mọ gọ́tà tó ti dí.

Ìbàdàn ń la òpópónà tó yí ìlú ká lọ́wọ́, kìlómítà 110 ni wọ́n pè é. Ní 2013 ni afárá Mọ́kọ́lá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì dín ìdádúró ọkọ̀ kù lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ṣe ọ̀nà mọ́tò. Ohun tó yẹ kí ará ìlú máa béèrè ni pé, nínú gbogbo iṣẹ́ ọ̀nà wọ̀nyí, kìlómítà mélòó ló jẹ́ ti ẹsẹ̀? Owó ìdérí gọ́tà kan kò tó nǹkan lára owó afárá. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń fa ilà ìsọdá níwájú iléèwé kò nílò kọngílá láti ìlú òkèèrè. Ìjọba ìbílẹ̀ lè ṣe méjèèjì, bí wọ́n bá kà á sí iṣẹ́.

Ọjọ́ kan sì wà tí ìlú náà fúnra rẹ̀ ń fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Nígbà ọdún Òkè'Bàdàn, tó máa ń bọ́ sí oṣù kẹta, ẹsẹ̀ ni èrò fi ń tẹ̀ lé Abọ̀kè, olórí àwòrò Òkè'Bàdàn, láti àdúgbò dé àdúgbò pẹ̀lú orin, mọ́tò á sì yà fún wọn. Bí ìlú bá lè yà fún ìyẹn, kí ló dé tí kò lè fi àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan lọ́dún, láti aago mẹ́fà sí aago mẹ́wàá, sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀ láti Mọ́kọ́lá dé Mápó? Ọmọdé á rí òkè ìlú rẹ̀ láìsí èéfín lójú. Àwọn tó ń tajà á tajà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí ẹni tó ń rìn ló ń dúró rà.

Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, kí arìnnà má dá rìn. Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló dára, pàápàá bí obìnrin bá wà láàárín wọn, kí ọ̀kan máa ṣọ́ ọkọ̀ kí ọ̀kan máa ṣọ́ ilẹ̀. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìgbáradì lóṣù kẹwàá, nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, kí ọjọ́ ìrìn gan-an bọ́ sí oṣù kìíní kí oòrùn oṣù kejì tó dé. Bí eruku ọyẹ́ bá pọ̀, kí wọ́n fi aṣọ bo imú, kí wọ́n sì dín ìyára kù.

Kí ọ̀kan nínú wọn sì mú ìwé kékeré kan àti báírò dání láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibi tí ìdérí gọ́tà ti já, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ilé ìtajà tó kọjú sí i. Ibi tí irin ti yọ síta, ibi tí ọmọléèwé ti ń sáré sọdá, ibi tí gọ́tà ti dí, kó kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ 12 ti tó láti kọ ìwé kan kún. Kí wọ́n tẹ ẹ̀dà rẹ̀ fún gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ tí ọ̀nà náà gbà kọjá, kí wọ́n sì pe alága kọ̀ọ̀kan pé kó wá bá wọn rìn apá tirẹ̀, òun àti ẹnjiníà rẹ̀, láìsí ọkọ̀ tó ń fọn fèrè níwájú. Mọ́níyà ni ìrìn ti ń bẹ̀rẹ̀, Mọ́níyà náà sì ni ilé-iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé wà. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn, lọ́jọ́ iṣẹ́ tó ṣáájú Sátidé ìrìn náà, pẹ̀lú bàtà tí wọ́n máa wọ̀ lẹ́sẹ̀ wọn.